Ẹ̀gbọ́n Rẹ Tí Àwọn Ọmọ Òyìnbó Ń Dọ̀bálẹ̀ Fún

Tavy Bridge,
Thamesmead, London.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kọkànlá, 1993.

Idiat ọmọ mi, Àṣàkẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ọkọ rẹ ń gbádùn, ṣé ara àwọn ọmọ le, ṣé wọ́n ti dá iná yín pa dà ní Èkó? Bó o bá bi mí, ara mi le, àfi òtútù ìlú yìí tó ń wọ inú eegun ẹni láìkan ilẹ̀kùn. Ọlọ́run Ọba tó gbé mi sínú bàálù tí kò sọ mí sílẹ̀ lójú òfúrufú, kó má ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí ilẹ̀ tó ò ń tẹ̀, àmín. Èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí o, má torí pé ó gùn kó o rò pé mo bẹ ẹnìkan. Ẹ̀kọ́ àgbà tí mo lọ kì í ṣe lásán.

O mọ ohun tó gbé mi wá. Alhaji Ṣùpọ̀, bàbá Kàfí, ló ní òun ò ní fọmọ òun fún ẹ̀gbọ́n rẹ Síkírù àfi tóun bá mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Mo ní iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, ní Woolwich, pé àwọn gókípà tó ń ṣọ́ ojú ilé fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń kọ́. Alhaji bú sẹ́rìn-ín lójú gbogbo ẹbí. Ó ní gókípà mélòó ló ń bẹ nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan, ṣebí ẹyọ kan péré ni, ta ló wá ń sanwó fún odindi ọkùnrin pé kó máa kọ́ ẹyọ ẹnìkan bí wọ́n ṣe ń dúró sójú kan? Ó ní kí n lọ fojú ara mi rí i, kí n wá jẹ́rìí. Ẹ̀rín yẹn dùn mí o, Idiat. Kàfí sì ti ṣorí kunkun pé bí kì í bá ṣe Síkírù, òun ò fẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ọmọ yẹn ti ń rù.

Ilé wọn níbí, orí afárá ni wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ ń kọjá nísàlẹ̀, èèyàn ń kọjá lókè, adágún omi wà láàárín ilé tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ funfun ọlọ́rùn gígùn ń lúwẹ̀ẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń pa wọ́n jẹ. Mo bi Síkírù ta ló ni wọ́n, ó ní ọbabìnrin ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé bó bá pàdé ìyá náà, kó bá mi kí i kú ìtọ́jú.

Lọ́jọ́ kan mo ṣìnà ní Woolwich. Obìnrin kan bá mi tẹ nọ́ńbà ilé nínú àgọ́ tẹlifóònù, Síkírù gbé e, ó sì ń sọ fún mi pé òun ò sí nílé! Ohùn ọmọ tí mo bí ni o! Mo ní ìwọ Síkírù, ta ló wá ń sọ̀rọ̀ yìí tí ò sí nílé? Nǹkan kan kàn dún píì sí mi létí. Mo bú u títí owó fi tán nínú tẹlifóònù. Nígbà tó dé, ó ní ẹ̀rọ ni, ó tẹ̀ ẹ́, gbogbo èébú mi sì ń jáde níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dáa bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tó ṣòfò níbẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ ńlá kan sì wà nílé ìdáná, mo rò pé ti ìkòkò gbígbóná ni, mo fi sọ ìkòkò ìrẹsì kalẹ̀, rọ́bà rẹ̀ yọ́ mọ́ ọn. Síkírù káwọ́ lérí, ó ní ìbọ̀wọ́ tóun fi ń ṣiṣẹ́ ni. Mo ní iṣẹ́ wo ni olùkọ́ ń fi ìbọ̀wọ́ ṣe, ṣé ṣọ́ọ̀kì wọn ń jóni lọ́wọ́ ni? Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mo ní kó mú mi lọ síbi iṣẹ́ náà.

Abíọ́nà aládùúgbò wa, ọmọ Ìbàdàn tó ń wa takisí, ló gbé wa gba títì Harrow Manorway dé pápá. Idiat, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún ọ. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin tò síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ, òyìnbó ni mẹ́ta nínú wọn. Síkírù gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan báyìí, èkínní wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀! Ó dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀. Síkírù nawọ́ sí ọ̀tún, ọmọ náà fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, ó nawọ́ sí òsì, ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀. Yíìká gidi! Irú èyí tí wọ́n ń yí níwájú ọba, táwọn ọmọ yín ní Èkó ò mọ̀ mọ́, tó jẹ́ pé orí ni wọ́n ń mì sí àgbà bí alángbá. Òjò ń rọ̀, wọn ò yéé kí i. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní háà, Síkírù, o ti dèèyàn báyìí, o ò sì sọ fún wa nílé! Mo dìde, mo ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní ẹ ó dàgbà, ẹ ó dògbó, ọmọ tiyín náà á dọ̀bálẹ̀ fún yín. Abíọ́nà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mo rò pé ẹkún ayọ̀ ń gbọ̀n ọ́n bíi tèmi ni.

Ẹnìkan ṣoṣo ló bí mi nínú, Jethro, òun ni àgbà gókípà wọn. Ọmọ Yorùbá sì ni o, nọ́ọ̀sì ará Iléṣà kan tí wọ́n ń pè ní Felicia ló bí i síbí. Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, ó wá síwájú mi, ó nàró gangan, ó ní Grandma, ṣé o wà okay? Ìwọ! Èmi! Ẹni tó ti ń dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ mi láti àárọ̀! Mo ní ẹni tó kí ọmọ tí kò kí ìyá ọmọ, irú kíkí wo nìyẹn? Ó ní sọ́rì, Grandma, ó sì fẹnu kò mí lẹ́ẹ̀kẹ́ tòun ti ẹrẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo wá rí i pé Síkírù ò lè jẹun. Mo fún un lọ́rùn títí ó fi jẹ́wọ́. Ó ní obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì ní òun ò rí ìdí tí gókípà fi ní láti ní olùkọ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀, pé ẹni tó ń kọ́ àwọn yòókù lè fi kún tiẹ̀. Ó ní òun á wá wo eré ọjọ́ kejì, bí òun ò bá rí ìwúlò Síkírù níbẹ̀, iṣẹ́ tán. Ọ̀rọ̀ Alhaji Ṣùpọ̀ gan-an, àfi bí ẹni pé wọ́n jọ mọra! Ẹ̀rù bà mí, Idiat. Bí iṣẹ́ bá lọ, Kàfí lọ nìyẹn, Síkírù sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí n ò tíì gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n.

Bá a ṣe dé pápá lánàá Ọjọ́rú, mo pe Jethro sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kí Abíọ́nà ṣe ògbufọ̀ kó má baà ní òun ò gbọ́. Mo ní Jethro, ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń ná ní ìnákúnàá. Ọ̀gá rẹ lo lè dọ̀bálẹ̀ fún. Àwọn tó ń bọ̀ lónìí, ọ̀tá ni wọ́n, èyíkéyìí nínú wọn tó bá wá dúró níwájú rẹ, nàró, kó o wò ó lójú. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, kì í ṣe àyà tó fi lélẹ̀. Jethro wo Abíọ́nà, Abíọ́nà wo ilẹ̀. Ó ní okay, Grandma.

Ọ̀gá obìnrin náà dé tòun ti agboòrùn. Mo dúró sẹ́yìn àwọ̀n Jethro. Idiat, ọmọ yẹn gbàgbé gbogbo ẹ̀kọ́ mi! Ọ̀tá tó bá ti sún mọ́ ọn báyìí, á dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo ń pariwo pé nàró, nàró, kò gbọ́, ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé bó bá ti ń dọ̀bálẹ̀ làwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ò kúkú mọ̀ pé ó ń ta wá ni.

Tiwa ti wọlé lẹ́ẹ̀kan, tiwọn ò tíì wọlé, eré kù díẹ̀ kó parí. Wọ́n fọn fèrè, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ níwájú Jethro nìkan, gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn wá dúró tì í. Abíọ́nà ní pẹnáritì ni, pé bí èyí bá wọlé, ọ̀rọ̀ Síkírù ti bàjẹ́. Síkírù ń nawọ́ sí ọ̀tún láti òkèèrè. Jethro bojú wẹ̀yìn, ó wò mí. Mo gbá àwọ̀n mú, mo ní bó o bá dọ̀bálẹ̀ fún eléyìí, n ò ní fojú ire wò ọ́ mọ́ láyé! Ọmọ náà nàró ṣánṣán. Òmìrán yẹn sáré wá, ó gbá a, bọ́ọ̀lù náà sì wá tààrà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, ó ba Jethro láyà, gbì! Ó pa dà síbi tó ti wá. Jethro ṣubú sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ìkíni, mo gbà á láyè.

Ariwo ta! Ọ̀gá obìnrin náà wọ inú ẹrẹ̀ wá tòun ti bàtà gogoro, ó bọ Síkírù lọ́wọ́, ó ní ta ló kọ́ ọmọ yẹn láti dúró, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo gókípà tóun ń rí ló máa ń ṣubú? Síkírù ń kálòlò. Obìnrin náà ní ọgbọ́n ńlá nìyẹn, òun ti rí ìwúlò rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ò lọ ibì kankan. Ẹ̀gbọ́n rẹ gbé mi sókè lójú gbogbo ayé, ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún, mo ń sọ fún un pé sọ̀ mí kalẹ̀, ìró mi ń tú.

Nígbà tá a délé, ó jókòó, ó ń ṣàlàyé pé àwọn ọmọ yẹn kì í kí òun, pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń bò mọ́lẹ̀, pé òun ló ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣubú tí wọn ò fi ní fara pa. Mo gbọ́. Ìrẹ̀lẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, bí bàbá rẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Má sọ èyí fún Alhaji.

Ohun tí wàá sọ fún Alhaji ni pé mo ti fojú ara mi rí i, gókípà mẹ́rin ni, kì í ṣe ẹyọ kan, kó sì yan ọjọ́ ìdána. Bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sílé kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í ra obì, orógbó àti oyin, kó o sì wá owó ìró aláwọ̀ búlúù kan sí i fún mi, àwọ̀ ẹgbẹ́ wa nìyẹn. Èmi ò ní lè wálé fún ìdána o. Jethro ti ní òun ò ní wọ inú àwọ̀n mọ́ bí n ò bá dúró lẹ́yìn òun, ọ̀gá náà sì ti fún mi ní kóòtù ẹgbẹ́. Ẹ bá mi ṣe é, kí ẹ fa ìyàwó wa lé bàálù lọ́wọ́.

Ibi tó o bá ti ń wá ire, Ọlọ́run á jẹ́ kó o bá a nílé. O ò ní fi ọwọ́ òsì ka ọmọ rẹ, ọkọ rẹ ò ní sú ọ, ìwọ náà ò ní sú u, àmín. Ṣùgbọ́n kí Kàfí má lọ dé lọ́jọ́ Ọjọ́rú o, kò ní bá ẹnikẹ́ni nílé. Ibi iṣẹ́ la máa wà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Síkírù.