Ohun Tí Mo Rí Nígbà Tí Wọ́n Mú Iná Lọ

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ tí kò fẹ́ tán. Màámi, mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ jókòó sún mọ́ Ràímì jù bó ṣe ń ka lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àbúrò mi kó má sáré kà á. Ìyá àgbà, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Mo ń jẹun, mo sì ń sùn.

Bàámi, ohun tí mo rí láàárọ̀ òní nìyí. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo jáde ní yàrá mi ní Ajáh. Kùrukùru bolẹ̀, mi ò rí òpó iná kejì lójú títì. Ilẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n kì í ṣe òjò, ìrì ni. Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Awóyayà. Ìyá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó gbé agbọ̀n òfìfo mẹ́rin lé itan, ó ń lọ ra ẹja ní Eléko. Aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún, mo dé ṣọ́ọ̀bù. Ewúrẹ́ méjì sùn sẹ́nu ọ̀nà. Iná wà. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ mi.

Bí kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣe dé ọwọ́ mi ni mo fẹ́ sọ fún yín. Mo sì máa gbé lẹ́tà yìí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí àwọn ẹlòmíì lè kà á, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ẹnikẹ́ni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń mú iná.

Ẹ rántí pé ọ̀dọ̀ Àǹtí Bísí ni mo wà, ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wọn. Àwọn èèyàn ń gbé ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ wá, mo ń bá wọn tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà tí mo ń lò ti gbó, bátìrì tó yẹ kó máa gbé e ró tí iná bá lọ sì ti kú kí n tó dé ibẹ̀. Ètò tí mo fi ń kọ̀wé lórí rẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń rà. Àwọn èèyàn kan káàkiri ayé ló jọ ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnikẹ́ni lè lò ó, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe sì lè ṣí inú rẹ̀ wò, kó tún ibi tó bàjẹ́ ṣe. Wọ́n ní ojú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń bá ara wọn jíròrò lórí àléébù tó wà nínú ètò náà àti bó ṣe lè dára sí i. Wọ́n máa ń jiyàn níbẹ̀ bí àwọn tó ń ta ayò, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, Màmá Ìjọ wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Ìyá àgbàlagbà ni wọ́n, láti ilé ìjọsìn àwọn aláṣọ funfun tó wà lẹ́yìn wa. Wọ́n wọ aṣọ wọn, ẹsẹ̀ wọn lásán, ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta wà lábẹ́ apá wọn. Ìtàn bí ìjọ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn kan, kí títì tó dé, ni wọ́n fẹ́ ká tẹ̀. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, èmi náà ò lè ka ọwọ́ ìkọ̀wé wọn. La bá jókòó: wọ́n ń sọ, mo ń tẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta, ojú ìwé mọ́kàndínlógún. Lọ́jọ́ kẹta a parí, mo séèfù rẹ̀, mo ń na apá, wọ́n sì mú iná lọ. Nígbà tí iná dé, orúkọ ìwé náà wà níbi tí mo fi í sí. Mo ṣí i. Ó funfun bí aṣọ Màmá.

Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan rí, ara mi ni mo sì dá lẹ́bi nígbà yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí mo mọ ohun tí mo ṣe. Àǹtí Bísí ní mi ò séèfù rẹ̀. Mo ní mo séèfù rẹ̀. Wọ́n ní bí gbogbo àwọn tó ti jókòó sórí àga yẹn ṣáájú mi ṣe máa ń wí náà nìyẹn, wọ́n sì sọ ọ́ wẹ́rẹ́, láìbínú, pé tó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́, kí n máa lọ sọ́dọ̀ yín. Màmá ò bá mi jà. Wọ́n ní bóyá ibi tí àwọn ti bù mọ́ ọn díẹ̀ ló mú kí Ọlọ́run pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, wọ́n ní àwọn á padà wá tí ẹsẹ̀ bá gbà fún àwọn. Bàámi, mi ò fẹ́ padà wálé báyẹn. Ẹnu mi ò sì pọ̀, ẹ mọ̀ mí. Ohun tó dùn mí ni pé mo sọ ohun tí mo ṣe, wọ́n sì ní mi ò ṣe é.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo fi fóònù mi wá ojú ìwé àwọn tó ń ṣe ètò náà. Wọ́n ní ibì kan tí a ti lè sọ àléébù tí a bá rí, ìbéèrè mẹ́ta ló sì wà níbẹ̀. Kí lo ṣe? Kí lo retí? Kí lo rí? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo rántí agolo òjò yín ní oko ìjọba tí ẹ ti ṣiṣẹ́, àti ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń kọ ìwọ̀n òjò sí láràárọ̀ ní aago mẹ́sàn-án géérégé. Mo wà ní kíláàsì karùn-ún nígbà tí ẹ kọ́kọ́ ní kí n bá yín kọ ọ́, mo sì kọ “òjò ńlá” síbẹ̀. Ẹ fi róbà pa á rẹ́. Ẹ ní kí n kọ ohun tí mo rí, kí n fi ohun tí mo rò sílẹ̀ fún àwọn tó wà ní ọ́fíìsì. Mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ní gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì, láìfi omijé kankan sí i.

Ọ̀kan nínú wọn fi àwòrán ẹyẹlé síbi tó yẹ kí ojú rẹ̀ wà. Ẹlẹ́yẹlé ni mo ń pè é. Òun ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní òun ti ṣí ètò náà, òun sì ti pa á lójijì ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó sọnù, bóyá kọ̀ǹpútà mi ló ti gbó. Ó ti ọ̀rọ̀ náà pa. Ọjọ́ kan gbáko, mi ò ṣí ojú ìwé yẹn mọ́. Lọ́jọ́ kejì mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan, mo sì fa ìlà mẹ́ta sí i bíi tiyín: ìgbà tí mo séèfù, ìgbà tí iná lọ, ohun tí mo bá nínú ìwé nígbà tí iná dé. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀ fún oníbàárà ni mò ń tẹ̀ jáde sórí bébà lójú ẹsẹ̀. Ìwé tèmi tí mo kọ ọ̀rọ̀ ṣákálá sí ni mo fi ń dán an wò.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ ọ́. Iná lọ nígbà mẹ́rìnlá tí mo wà nídìí ẹ̀rọ. Ìgbà márùn-ún nínú rẹ̀ ni ìwé òfìfo kí mi káàbọ̀, gbogbo márààrún ló sì jẹ́ pé iná lọ kí ìdajì ìṣẹ́jú tó pé lẹ́yìn tí mo séèfù. Èyí tó bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí ohun tó ṣe é. Mo kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹlẹ́yẹlé tún ọ̀rọ̀ náà ṣí. Ó béèrè pé kí ló dé tí mo ń pa iná mọ́ kọ̀ǹpútà mi lórí tó bẹ́ẹ̀. Mo ní èmi kọ́, wọ́n máa ń mú un lọ ni. Ó ní ta ni wọ́n? Mo ní èmi náà ò mọ̀ wọ́n, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n ní gbogbo Ajáh. Ẹ̀rín pọ̀ lójú ìwé náà lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n àtìgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ mi. Bàámi, àwọn èèyàn tó mọ̀ ju àwa lọ ni wọ́n. Wọ́n ti dán oríṣiríṣi nǹkan wò lórí ètò yẹn. Kò kàn sí ẹni tí iná ti lọ mọ́ lọ́wọ́ nínú wọn ni.

Ìyá kan wà láàárín wọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ìlú wọn tutù débi tí omi fi ń dì gbagidi. Ìyá náà kọ nǹkan tí wọ́n fẹ́ rà lọ́jà sínú ètò náà, wọ́n séèfù rẹ̀, wọ́n sì fa wáyà kọ̀ǹpútà wọn yọ lára ògiri. Wọ́n ṣe é títí di ìgbà kẹta. Ìlà kan péré ni wọ́n kọ lẹ́yìn náà, mo sì há a sórí: “Mo ti rí ohun tí o rí.”

Mo jókòó sórí àga mi ní Awóyayà, mo gbé ọwọ́ lé àyà. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe mí.

Wọ́n wá jíròrò bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe. Bí mo ṣe gbọ́ ọ yé nìyí: tí a bá séèfù, ètò náà máa ń kọ́kọ́ nu ti àtijọ́ nù, kó tó máa kọ tuntun síbẹ̀, kọ̀ǹpútà kì í sì í tètè kọ ọ́ tán bí a ṣe rò. Tí iná bá lọ láàárín méjèèjì, ti àtijọ́ ti lọ, tuntun ò sì tíì dé. Ìyá yẹn ní kó máa kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kó rí i pé ó dúró, kó tó gbé e sí ipò ti àtijọ́. Ẹlẹ́yẹlé ní ìyẹn á fa ẹ̀rọ tó ti gbó sẹ́yìn. Ìyá náà ní kí ni èèyàn fẹ́ fi ìyára ṣe nínú ìwé òfìfo. Nígbà tí wọ́n jà á tán, wọ́n ní kí n dán tuntun náà wò lórí ẹ̀rọ mi, torí pé òun ló gbó jù nínú gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n mọ̀.

Bí mo ṣe gbé e sórí ẹ̀rọ tán báyìí, iná ò lọ mọ́. Ọjọ́ méjì gbáko! Èmi tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún iná látìgbà tí mo ti dé ìlú yìí. Lọ́jọ́ kẹta Àǹtí Bísí béèrè pé ta ni mò ń retí tí mo fi ń wo gílóòbù òkè bẹ́ẹ̀. Màmá Ìjọ ti padà wá lọ́jọ́ náà, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Mo gbé ìwé àkọsílẹ̀ mi fún Àǹtí. Wọ́n kà á láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìparí. Wọ́n dìde, wọ́n lọ síbi súìṣì tó wà lára ògiri, wọ́n ní ṣé ibí yìí ni.

Ètò ti àtijọ́ la fi bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ ìlà kan, mo séèfù, wọ́n pa á. Nígbà tí wọ́n tàn án padà, ìlà náà wà níbẹ̀. Wọ́n wò mí. A ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó tún wà níbẹ̀. Òógùn bò mí. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ṣí ìwé náà, mo sì fi àga sílẹ̀ kí wọ́n lè fi ojú ara wọn wò ó. Wọ́n wò ó pẹ́. Màmá béèrè látorí bẹ́ǹṣì pé kí ló wà níbẹ̀.

“Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Màmá. Òótọ́ ni Mùínátù ń sọ.”

Lẹ́yìn náà a dán tuntun wò nígbà mẹ́wàá. Àǹtí ló ń pa á, Màmá ló ń ka iye ìgbà, kò sí ẹyọ kan tó sọnù. Mo kọ̀wé sí Ẹlẹ́yẹlé pé ìfàsẹ́yìn tó ń bẹ̀rù kò tó àkókò tí èèyàn fi ń ṣẹ́jú. Wọ́n fi orúkọ mi sí ara àwọn tó tún ètò náà ṣe. Wọ́n béèrè bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́, mo fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn orí rẹ̀.

Màmá sọ ìtàn wọn fún mi lẹ́ẹ̀kejì. Ó di ojú ìwé mẹ́tàlélógún. Wọ́n rántí obìnrin kan tó pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì ìpìlẹ̀, tí Màmá fo orúkọ rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ nítorí pé àwọn méjèèjì ti jà rí. Wọ́n ní kí n fi orúkọ rẹ̀ ṣáájú tàwọn. Àǹtí Bísí ò bẹ̀ mí o, ẹ mọ̀ bí àwọn àgbà ṣe rí. Lánàá ni wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ kan lára ti ọwọ́ wọn, wọ́n ní orúnkún ń dun àwọn, kí n máa wá ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Orúnkún wọn ò tíì dùn wọ́n rí níṣojú mi.

Bàámi, ìyá ìlú òtútù yẹn béèrè ibi tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sọ ti agolo òjò fún wọn. Wọ́n ní ṣé ẹ ṣì ń wọ̀n ọ́n. Mo ní oko ìjọba ti kógbá wọlé, ṣùgbọ́n ẹ gbé agolo náà wá sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ jọ̀ọ́, tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, ẹ ní kí Ràímì fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Kó má kọ “òjò ńlá” o.

Màámi, àárò yín ń sọ mí, pàápàá lọ́jọ́ ìsinmi tí gbogbo ilé bá dákẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Owó ìtọ́jú ojú Ìyá àgbà wà lọ́wọ́ ẹni tó mú ìwé yìí wá. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Ràfíù àti ìyàwó wọn, ẹ kí gbogbo ará ilé. Kí Ọlọ́run fi ọjọ́ kún ọjọ́ yín nínú àlàáfíà, kí ó jẹ́ kí agolo yín kún lásìkò, kí a tún fi ojú kan ara wa.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùínátù

Bíírò ni mo fi kọ ìyókù yìí. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ìrọ̀lẹ́, mo séèfù lẹ́tà yìí ní ṣọ́ọ̀bù. Kí n tó yọ ọwọ́ kúrò, wọ́n mú iná lọ. Iná dé ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ṣí i: ó pé, láti orí ìkíni yín dé orúkọ mi. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo ti ilẹ̀kùn. Mo dùbúlẹ̀ ní yàrá mi ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú.