Orúkọ Yín Ṣì Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Wa

Àǹtí Àsmá'ù,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Màmá ti san. Wọ́n ti padà sí ìlú Ọbáfẹ́mi, ó wá ku èmi nìkan níbí.

Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú orúkọ oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù táìlì wa ní àdúgbò Lotto. Orúkọ yín àti ọjọ́ tí ẹ pè mí kẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ tẹ̀ sínú rẹ̀ nígbà tí mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń sọ pé: "Oníbàárà yìí ti dákẹ́ fún ọdún kan. Ẹ pè é."

Ọ̀gá ní, "Ṣé ó ra táìlì rí? Pa á rẹ́!"

Mo ní, "Ẹ kúkú lé mi, sà."

Nọ́mbà yín kò lọ mọ́. Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ẹ pè mí, kí n lè kọ ọjọ́ tuntun sí i.

Akóredé yín