Mo Ní Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ni

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Tìjání,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí yín kú àṣẹ̀yìndè Ìyá wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kí ẹ̀yin náà kí mi. Kí Ọlọ́run fún yín lókun, kí oúnjẹ máa lọ lọ́nà ọ̀fun yín. Èmi ń jẹ, mo sì ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé mo ti wó lulẹ̀.

Mo rí ohun tí ẹ kọ sórí fóònù mi: “Safiyyah, ṣé o bínú sí mi ni?” Ẹ pè mí lẹ́ẹ̀mẹfà, n kò gbé e. Kì í ṣe ìbínú, ojú ló ń tì mí. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Mo mọ̀ pé ẹ kò lè dúró dè mí. Nínú ẹ̀sìn wa, òkú kì í retí ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ìyá kú láàárọ̀, ẹ ti sin wọ́n kí ẹ tó kírun alásàrí. Fóònù mi wà nínú àpótí lẹ́nu ọ̀nà níbi iṣẹ́, torí wọn kì í jẹ́ ká mú un wọlé.

Ẹ máa ń bi mí pé kí ni mo ń ṣe gan-an níléeṣẹ́ amúnáwá yìí, ẹ̀rín ni mo máa ń fi dá yín lóhùn. Ibi tí iná ti ń jáde, ènìyàn kò lè wọ ibẹ̀, torí ìtànṣán átọ́míìkì tí ojú kò rí tó wà níbẹ̀ lè pa á. Okùn gíláàsì tó tín-ín-rín bí irun orí, tí wọ́n ń pè ní fáíbà, la nà wọ ibẹ̀. A ó tan ìmọ́lẹ̀ sínú rẹ̀, èyí tó bá padà ni yóò sọ bí ibẹ̀ ṣe gbóná tó. Ṣùgbọ́n ìtànṣán yẹn kì í fi gíláàsì náà lọ́rùn sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa dúdú, bí gíláàsì làńtánì tí èéfín bò. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ a ní ibẹ̀ ló ń tutù.

Nítorí náà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ni pé bí ìmọ́lẹ̀ bá rẹ̀, okùn ni kí a fura sí. A máa ń na okùn kejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí kò wọn nǹkan kan. Bí méjèèjì bá ṣókùnkùn, okùn ló bàjẹ́. Bí ti ẹ̀gbẹ́ bá mọ́ kedere, a jẹ́ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún lóòótọ́.

Láti ìgbà àwẹ̀ ni ohùn Ìyá ti ń rẹ̀ lórí fóònù. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, wọ́n ní, “Safiyyah, ṣé o ń gbọ́ mi?” Mo ní, “Ìyá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Òmù-Àrán yín yìí ni. Ẹ lọ dúró sídìí máńgòrò.” Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo rán arúgbó tó ń kú lọ ní ìrìn nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ẹ tún kọ ọ́ pé kí n foríjì yín, pé Ìyá ló ní kí ẹ má sọ àìsàn wọn fún mi. Ọmọ wo ni kò ní gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu? N kò dì yín sínú rárá. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi mọ́. Etí tèmi ni Ìyá ti ń kú.

Mo ń bọ̀ fún àdúà ogójì ọjọ́, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Kí Ó dẹ ilẹ̀ fún Ìyá, kí Ó fi Àlùjánà kẹ́ wọn, kí Ó sì dá yín sí fún mi, torí ẹ̀yin nìkan ló kù tí mo lè pè ní ilé.

Èmi ni àbúrò yín, àbígbẹ̀yìn Ìyá,
Safiyyah.

Àfikún: Fóònù mi máa ń ká ìpè sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àná ni mo tó láyà láti tún ti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn gbọ́. Kí Ìyá tó dìde lọ sídìí máńgòrò, níbi tí wọ́n ti ń bi mí bóyá mo ń gbọ́, ewúrẹ́ yín ń ké lẹ́yìn wọn. Ẹnì kan ń gúnyán nílé kejì. Ìyàwó yín ń pe Fulera pé kó wá gbé omi. Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo wọn ló ń dún ketekete; ohùn Ìyá nìkan ló rẹ̀.