Òjòwú Tó Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Fa Ọkọ Lé Ìyáálé Lọ́wọ́: Àlhájà Sàúdátù Yẹ̀kínnì, 1967–2025

A bí Àlhájà Sàúdátù Àwẹ̀ró Yẹ̀kínnì ní Múṣín, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1967, sínú ìdílé Olóògbé Pa Àlíyù Ajíbádé, tí wọ́n ń rán bàtà, àti Olóògbé Àlhájà Shakirat, tí wọ́n ń ta aṣọ ní Tẹ́júoṣó. Ilé olórogún ni Màmá ti lajú sáyé, owú jíjẹ sì wà nínú ọmú tí wọ́n mu. Àwa ọmọ kò ní fi pamọ́ fún yín, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n tí kò mọ̀ ọ́n: òjòwú paraku ni Màmá. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, ṣùgbọ́n Màmá lẹ́ran, wọ́n sì tún jowú.

Múṣín ni wọ́n ti ka ìwé mẹ́fà, wọ́n ka ìwé mẹ́wàá ní Sùúrúlérè, wọ́n sì wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní Yábàá ní ọdún 1985. Ọ̀rẹ́ wọn, Gertrude, ló gba ipò kìíní ní ọdún àkọ́kọ́. Màmá kò bá a sọ̀rọ̀ títí tí wọ́n fi gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún 1989 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọsibítù aládàáni kan ní Sùúrúlérè, níbi tí wọ́n ti di ọ̀gá nọ́ọ̀sì.

Ní ọdún 1994, wọ́n fẹ́ Àlhájì Tàjùdéèn Yẹ̀kínnì, tó ń ṣe àga onítìmùtìmù ní Iganmu. Wọ́n bá ìyáálé nílé, Àlhájà Ṣùkúrátù, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Múṣín. Àwọn méjèèjì kò lè gbé abẹ́ òrùlé kan, nítorí náà Àlhájì gba ilé fún Màmá ní Sùúrúlérè, wọ́n sì ń sùn lọ́jọ́ méjì méjì lọ́dọ̀ ìyàwó kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà ní, òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin, kò dénú. Màmá kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni pé ó dénú. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Màmá Múṣín, Màmá á pe Àlhájì láti bi wọ́n bóyá wọ́n ti lo oògùn àsímà wọn, a sì mọ̀ pé ti oògùn nìkan kọ́. Bí Àlhájì bá ti Múṣín dé, Màmá á tún aṣọ wọn fọ̀. Wọn kò fẹ́ kí ara ọkọ wọn máa ta sánsán ọṣẹ ẹlòmíràn.

Nígbà tí àrùn kòrónà wọ Èkó ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ní àrùn àwọn tó ń wọ bàálù ni. Ní ọsibítù pàápàá, àwọn nọ́ọ̀sì kan ń sọ pé ooru Èkó á pa á, àti pé ẹni tí kò bá wúkọ́ kò ní nǹkan kan lára. Màmá lọ síbi ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní Yábàá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé ẹni tí ara rẹ̀ le koko lè gbé àrùn náà, kó sì kó o ran ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n yan Màmá sí wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n ní in. Ọkọ wọn sì rèé, alásímà.

Ibi kan ṣoṣo ni Àlhájì lè lọ. Màmá sunkún títí. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n wọ wọ́ọ̀dù, wọ́n di ẹrù Àlhájì, wọ́n sì sìn wọ́n dé Múṣín. Màmá Múṣín dúró lẹ́nu géètì, wọn kò yà lọ́nà. Irú ìyàwó tí kì í jẹ́ kí ọkọ fi wákàtí kan pẹ́ níbẹ̀, kí ló dé tó wá ń gbé e wá fúnra rẹ̀?

“Ìyàwó, ṣé àìsàn lo gbé wá bá mi?”

“Lọ́la ni mo máa wọ ibi tí àrùn wà. Òní lara wọn ṣì mọ́. Tí wọ́n bá dúró tì mí, èmi ni màá pa wọ́n.” Màmá gbé báàgì náà sílẹ̀. “Ẹ bá mi tọ́jú wọn, Ìyáálé mi. Àmọ́ ẹ má tọ́jú wọn jù o.”

Màmá Múṣín yà lọ́nà.

Láti ìgbà náà, bí Màmá bá ti ibi iṣẹ́ jáde, wọ́n á lọ dúró sí òdìkejì títì ní Múṣín pẹ̀lú ìbòmú lẹ́nu. Àlhájì á yọjú lójú fèrèsé òkè, wọ́n á sì jọ máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Màmá rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àlhájì ń kún. Inú wọn dùn, inú wọn sì bàjẹ́, nítorí kò sóhun tó dùn wọ́n tó kí ọkọ wọn máa dán lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn aládùúgbò ní Sùúrúlérè ń sọ pé Àlhájì ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Ara Màmá Múṣín náà kò balẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ni Àlhájì ti ń jókòó ti fèrèsé, ọbẹ̀ tí ìyáálé sè fún wọn á sì máa tutù nílẹ̀.

Ní oṣù kẹfà, wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún gbogbo òṣìṣẹ́ ọsibítù. Màmá kò wúkọ́, ara wọn kò gbóná, síbẹ̀ àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn náà wà lára wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ti ń pè wọ́n ní ojo nítorí wọ́n gbé ọkọ wọn kúrò nílé wá ń bi wọ́n bí àwọn náà ṣe máa ṣe nílé. Wọ́n gbé Màmá lọ síbi ìtọ́jú ní Yábàá. Nígbà tí Àlhájì gbọ́, ńṣe ni wọ́n bú sẹ́kún. Màmá Múṣín ló gba fóònù lọ́wọ́ wọn.

“Ìyàwó, tètè gbádùn. Ọkọ ẹ ń retí ẹ.”

A kò gbọ́ ọ rí kí Màmá Múṣín pe Àlhájì ní ọkọ ẹlòmíràn.

Màmá gbádùn. Nígbà tí Àlhájì padà sí Sùúrúlérè, Màmá tún gbogbo aṣọ wọn fọ̀. Ti kòrónà kọ́.

Títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 2023, Màmá ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tuntun bí àrùn ṣe ń ràn àti bí wọn kò ṣe ní gbé e wọlé. Wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin àsàlátù ní Múṣín náà, Màmá Múṣín ló sì máa ń to àga sílẹ̀ dè wọ́n.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni Màmá dágbére fáyé lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́. Màmá Múṣín ló ṣáájú àwọn tó wẹ̀ wọ́n. Màmá fi ọkọ wọn sílẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìyáálé wọn, àwọn ọmọ wọn, Ọláyíwọlá, Ayọ̀kànmí àti Taoheed, àwọn ọmọ Màmá Múṣín tí wọ́n jọ tọ́, àti àwọn ọmọ-ọmọ, tí Ayọ̀mípọ̀sí jẹ́ àgbà wọn.

Àlhájì ní kí a kọ ọ́ síbí, níwájú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá sí fídáù yìí, pé àwọn kò ní fẹ́ ìyàwó mìíràn mọ́. Màmá Múṣín ní kí a fi kún un pé àwọn á máa ṣọ́ wọn.

Kí Ọlọ́run fi Àljánà ṣe ilé yín, Màmá Sùúrúlérè. Ẹ sùn re o. Kò sẹ́ni tó máa gba ọkọ yín.