Àṣìṣe Tí Mo Kọ Sí Wilkin Lọ́rùn

Ọjọ́ Ẹtì, 3 oṣù Kìíní

Tatica, aya mi — ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù wa ti wọ ìdíje tó ṣíwájú àṣekágbá. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ló kù, méjì péré ni yóò là á já. Ikú ti mú ọ lọ, àmọ́ àga rẹ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi nínú yàrá tí mo ti ń ṣe akọ̀wé eré. Chago tó ń ròyìn eré lórí rédíò fẹ́ gbé àpò lé e. Mo wò ó. Ó gbé e kúrò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 oṣù Kìíní

Ó ti ṣẹlẹ̀.

Abala keje. Bọ́ọ̀lù fi ilẹ̀ sáré lọ sọ́dọ̀ Wilkin, ọmọ Zunilda aládùúgbò wa. Eruku nìkan ni mo rí. Mo na orúnkún sí ọ̀dọ̀ rẹ bí mo ti ń ṣe láti ọdún méjì — kí o fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó gbá a bá jàre, lẹ́ẹ̀mejì bó bá jẹ́ àṣìṣe ẹni tó yẹ kó mú un. Kò sí ọwọ́. Èrò kígbe "Háà!" Mo fi igbe wọn ṣe ojú. Mo kọ àṣìṣe sí Wilkin lọ́rùn.

Ayò kan ni wọ́n fi nà wá. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù yẹn ló sáré wọlé.

Ọjọ́ Àìkú, 5 oṣù Kìíní

Níwájú ṣọ́ọ̀bù: "Wilkin ọlọ́wọ́ òkúta!" "Ẹ bá a wá agbọ̀n, bóyá ìyẹn á lè mú bọ́ọ̀lù!"

Chago fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Don Fello, òkúta ló ta bọ́ọ̀lù yẹn kọjá èjìká ọmọ náà. Gbogbo wa la rí i. Àbí ojú yín ti ń fọ́ ni?" Àwàdà ló ń ṣe. Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kan ni òfin fún mi láti yí ohun tí mo kọ padà. Ìrọ̀lẹ́ òní ló parí. Mi ò yí i. Bí wọ́n bá bi mí ohun tí mo rí ńkọ́?

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Kìíní

Àjọ̀dún àwọn Ọba Mẹ́ta tó wá kí Jésù. Mi ò lè lọ sí Máàsì. Ojú ń tì mí.

Ọjọ́rú, 8 oṣù Kìíní

Kóòṣì ti ní kí Wilkin jókòó. Ẹni tó fi rọ́pò rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Wọ́n tún nà wá.

Zunilda gbé tíì atalẹ̀ wá. Mo rò pé ó wá bá mi jà ni. Ó ní, "Wọ́n ní kí n wá bú yín. Mo ní, Don Fello kẹ̀? Ohun tó bá rí ló ń kọ. Bí ọmọ mi bá ṣàṣìṣe, ó ṣàṣìṣe nìyẹn."

Tatica, mo mu tíì náà tán. Mo dá ife rẹ̀ padà fún un.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù Kìíní

Mo lọ sílé Zunilda. Wilkin ń ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé. Mo sọ fún un.

"Ẹ ò rí i?"

Mo ní mi ò rí i.

"Kí lẹ wá kọ ọ́ fún?"

Ó tún ju bọ́ọ̀lù náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń mú un. Kò bú mi, ìbá sàn kó bú mi. Ó ní, "Don Fello, ẹ̀yìnkùlé kọ́ ni wọ́n ti fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti fi mí ṣe ẹlẹ́yà."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 oṣù Kìíní

Chago fún mi ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ohùn mi gba gbogbo pápá. Mo ní Wilkin kò jẹ̀bi. Mo ní ojú mi ti di bàìbàì láti ọdún méjì, mo sì fi pamọ́. Mo ní gbogbo ìdájọ́ tí wọ́n fi ń yìn mí láti ìgbà náà, tìẹ ni.

Ẹnì kan pariwo pé, "Òpùrọ́!" Obìnrin kan dá a lóhùn: "Ẹ jí Doña Tatica dìde fún wa!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n pàtẹ́wọ́ — ìwọ ni wọ́n pa á fún.

Mo gbé pẹ́ńsùlù akọ̀wé sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Chago ní Wilkin gbójú sókè wò mí láti ìsàlẹ̀. Mo bi í pé irú wíwò wo ni. Ó ní kí èmi fúnra mi wò ó. Mo wò títí. Ó jìnnà jù fún mi.