Igi Ọ̀lẹ àti Òkè Àwọn Bàbá Wa

                                        Ilé Ìlagi,
                                        Ẹ̀yìn Odò,
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Ẹ̀bìbì.

Adúmáadán, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara ńkọ́? Ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Mo gbọ́ pé àbíkẹ́yìn rẹ ti ga jù ọ́ lọ, pé ó ti ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ọ lórí bí ẹni fara ti tábìlì. Bá mi fà á létí, tí ọwọ́ rẹ bá tó o. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Bàbá àwọn ọmọ ṣì ń lagi, ayùn kò sì tíì mú un níka, ìyẹn nìkan tó ọpẹ́. Màmá wà lọ́dọ̀ wa. Ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò rẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n kí ọ, kí n sì bi ọ́ bóyá o ti gbàgbé òun ni, torí o kì í béèrè òun mọ́.

O máa ní kí ló dé tí mo kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Lórí fóònù, o máa ń yára dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ yìí, mo fẹ́ kí o jókòó tì í, kí o rò ó dáadáa kí o tó sọ ohunkóhun.

Obìnrin kan ló wá bá wa láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ni. Kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tán ni àwọn òṣìṣẹ́ wa ti sọ ọ́ lórúkọ: Ọ̀mọ̀wé Onígò. Ìgò ló kún inú báàgì rẹ̀, tó bá ti gbé ẹsẹ̀ báyìí, gbogbo wọn á máa kan ara wọn. Ó ní ìjọba àti ilé-iṣẹ́ olówó kan ti jọ fún òun ní owó ìwádìí, kí òun wá ìwúlò fún ohun tí igbó ń mú jáde tí ẹnikẹ́ni kò lò: èèpo igi, ṣóńṣó ẹ̀ka, lẹ́búlẹ́bú abẹ́ ayùn, àti àwọn igi wíwọ́ tí a kì í là. Ó ní wọ́n lè di gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ pákó pọ̀, wọ́n lè di awo ìjẹun tó máa jẹrà padà sínú ilẹ̀, wọ́n tilẹ̀ lè di aṣọ. Mo ní aṣọ kẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, aṣọ tí èèyàn ń wọ̀. Mo wo bàbá àwọn ọmọ, òun náà wò mí.

O mọ̀ mí. Ìfura loògùn àgbà, èmi kò sì dúró di ìgbà tí mo dàgbà kí n tó máa lò ó. Ẹni tó kàwé tó báyẹn, á wakọ̀ láti ibi tó jìnnà wá gbálẹ̀ fún wa, á tún dúpẹ́ lórí ẹ̀? Rárá o. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó bá ní pàǹtí rẹ lòun fẹ́, yáa wo inú ilé rẹ yíká, kí o wo ohun mìíràn tí ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Lójú tèmi, òkè ni. Òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìlagi, tí bàbá mi àti bàbá rẹ jọ gbin igi sí nígbà tí èmi àti ìwọ ṣì ń fa aṣọ ìyá wa kiri. Ìwọ ti kúrò níbí tipẹ́, o lè má mọ bí àwọn igi pupa yẹn ṣe dúró ṣánṣán báyìí. Ẹyọ kan là ń gé lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn náà tí èmi àti ìwọ bá ti fẹnu kò sí i, bí àwọn bàbá wa ṣe fi sílẹ̀. Gbogbo oníṣòwò pákó tó ń kọjá ló ti béèrè òkè yẹn lọ́wọ́ mi rí, mo sì ti lé gbogbo wọn. Mo ní àháà, eléyìí gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ni.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Tó bá yà sí ọ̀tún, mo ń gbálẹ̀ ní ọ̀tún. Tó bá lọ sẹ́bàá odò, òǹgbẹ ti ń gbẹ èmi náà nìyẹn. Ọjọ́ tó gun ẹsẹ̀ òkè, mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, mo ní ejò ni mo ń wò fún un. Ó dúpẹ́. Ọpẹ́ rẹ̀ yẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Kò tilẹ̀ wo àwọn igi pupa. Igi tó mú un lọ́kàn ni èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ wa ń pè ní ọ̀lẹ, torí kì í lè dá dúró. Ara ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń fara tì títí gbogbo ara rẹ̀ á fi wọ́. Kò ṣe é là, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe é dáná, èéfín lásán ni. Ó ní òun gan-an lòun ń wá. A gé díẹ̀ níbẹ̀, a tì í sábẹ́ ayùn, a kó lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sínú àpò, ó ní òun á wá gbé e lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó dé, Màmá nìkan ló bá nílé. Ó gbé àpò, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ìgbà tó padà wá, ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó fi gọ́ọ̀mù náà lẹ̀ pọ̀ lé bàbá àwọn ọmọ lọ́wọ́, ó ní kó yà wọ́n. Ó fi ọwọ́ yà á, kò yà. Ó fi orúnkún tì í, kò yà. Ó mú òòlù, pákó ló fọ́, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ kò ṣí. Ni inú bá ń dùn ún bí ẹni pé òun ló sè é. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ló dé tí ọ̀lẹ wá ń ṣiṣẹ́ lójijì?

Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn tó fún un lówó, wọ́n sì rán ọkùnrin kan wá. Aṣojú ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí òwú, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín kí èèyàn tó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní tí Ọ̀mọ̀wé bá lè ṣe irú gọ́ọ̀mù yẹn lẹ́ẹ̀kejì lójú òun, wọ́n á fi owó ńlá kún ti àkọ́kọ́, wọ́n á sì kọ́ ilé iṣẹ́ síbí. Ni wọ́n bá tún gé ọ̀lẹ, a tún lọ̀ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, Ọ̀mọ̀wé fúnra rẹ̀ ló kó lẹ́búlẹ́bú lábẹ́ ayùn, torí Màmá ti lọ kí àbúrò rẹ̀ kan tí ara rẹ̀ kò yá.

Nígbà tí ó gbé iṣẹ́ náà dé, gbogbo wa pé sínú yàrá kékeré tí a fi ṣe ọ́fíìsì. Ọ̀rẹ́ mi, gọ́ọ̀mù ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn kò lè lẹ ìwé, ká má tíì sọ pákó. Aṣojú fi ìka méjì péré mú un, ó pín sí méjì. Ó wá ń fi ẹ̀rín bi Ọ̀mọ̀wé pé ibo gan-an ló ti ra gọ́ọ̀mù àkọ́kọ́. Ọ̀mọ̀wé ní òun kò rà á níbì kankan, pé òun ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Èmi fara ti ògiri, mo ní ṣé ẹ rí i, ayédèrú ni, mo ti sọ ọ́. N kò sọ ọ́ sínú. Bàbá àwọn ọmọ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí la wà tí Màmá fi wọlé dé. Ó béèrè ohun tó dé, mo ṣàlàyé fún un. Ó ní ta ló di lẹ́búlẹ́bú fún àlejò lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní àlejò fúnra rẹ̀ ló kó o. Màmá káwọ́ lérí.

"Ẹ ò wá ṣe dáadáa," ló wí. "Èyí tó wà nínú àpò nígbà yẹn, mo dà á nù ni. Ti igi pupa tí ẹ là kẹ́yìn ni mo kó dípò rẹ̀. Mo fi asẹ́ jọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn. Ṣé pàǹtí la ó dì fún àlejò ni?"

Obìnrin tí mo ti ń ṣọ́ bí olè látọjọ́ yìí kò mọ nǹkan kan. Inú ilé mi ni ayédèrú ti jáde, asẹ́ ìdáná mi sì ni wọ́n fi jọ̀ ọ́. Màmá kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe ohunkóhun. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá rin ọ̀nà jíjìn wá béèrè pàǹtí lọ́wọ́ èèyàn, ojú ló ń tì í láti béèrè ohun tó dára. Ọ̀mọ̀wé bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, ó dì mọ́ Màmá. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí nǹkan kan.

Ojú tì mí gan-an, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Aṣojú kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó mú pákó àkọ́kọ́ yẹn, èyí tí òòlù kò ràn, ó ń yí i sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì. Ó lọ sẹ́nu fèrèsé, ó sì wo òkè títí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní ohun tí àdéhùn owó náà wí ni "igi tí a kò lò", pé igi tó dúró láti ayé àwọn bàbá wa tí ẹnikẹ́ni kò gé, ṣé wọ́n ń lò ó ni?

Ọ̀mọ̀wé nu ojú rẹ̀. Ó ní igi tí èèyàn pa mọ́ kì í ṣe igi tí èèyàn kò lò, òun ò sì ní fi orúkọ òun gé e. Aṣojú ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó dá owó tó kù padà, ọ̀mọ̀wé kò wọ́n nílùú. Obìnrin náà kó àwọn ìgò rẹ̀ níṣojú wa, ó sì lọ. Bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe bọ́ nìyẹn, nítorí òkè tí kì í ṣe tirẹ̀, èmi tí mo ni òkè ló sì ń pè é ní oníjìbìtì.

Mo wá kọjú sí Aṣojú, mo ní òkè yẹn kì í ṣe títà, lónìí, lọ́la. Ẹ̀rín rẹ̀ padà dé.

"Ìyá, ìdajì nìyẹn," ó ní. "Ìdajì tó kù ńkọ́?"

Adúmáadán, n kò sọ fún ọkùnrin yìí rí pé ẹni méjì ló ni òkè. Màmá kò sọ ọ́. Bàbá àwọn ọmọ búra pé òun ò sọ ọ́. Ọ̀mọ̀wé kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ìwé kankan tí a kọ ọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni láàárín bàbá méjì tí wọ́n ti kú, àti láàárín èmi àti ìwọ.

Àbúrò Màmá tó ń gbé nítòsí yín ló sọ fún un pé ẹ ti ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ilé yín. Inú mi kọ́kọ́ dùn, mo tilẹ̀ gbàdúrà fún yín. Láti ìgbà tí Aṣojú ti lọ ni mo ti ń ronú sí i, inú sì ń bí mi sí ara mi pé mò ń ronú sí i. Mo ti fura sí ẹni tí kò yẹ lẹ́ẹ̀kan, n kò fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, pàápàá sí ìwọ. N kò fẹ́ kí òwe ikú ilé àti ikú òde kan èmi àti ìwọ láéláé.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó rọra pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀. Kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá ní tí o bá ń bọ̀, kí o má gbé nǹkan kan dání, kí o ṣáà wá.

Tí ọkùnrin náà kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ, bínú sí mi, bú mi dáadáa, mo gbà. Tó bá ti dé, tó jẹ́ pé owó lo nílò, sọ fún mi ká jọ wá a. Tí o bá sì ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, sọ ìyẹn náà. Kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, kí n má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ayùn.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,

Ìyá Onípákó