Kọ́mà Kan Ṣoṣo Ló Kọ Ìyàwó Mi Sílẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, irọ́ ni mo ń pa fún gbogbo Yorùbá tó wà ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò ní Kumasi níbí. Mo ní ìyàwó mi ló kọ̀ mí. Kò kọ̀ mí o... èmi ni mo kọ̀ ọ́, mi ò sì mọ̀.

Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń fi taípù kọ fún àwọn oníṣòwò wa. Tíṣà mi fi pàṣán kọ́ mi pé kí “and” tó wọlé, kí “but” tó wọlé, kí “because” tó wọlé, kọ́mà gbọ́dọ̀ ṣáájú. Mista Kọ́mà ni wọ́n ń pè mí, ó sì ń dùn mọ́ mi, àṣé orúkọ ń rò mí ni. Ìyàwó mi bínú lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, torí kò sí ọ̀rọ̀ tó máa sọ tí mi ò ní tún un ṣe. Nígbà tó yá, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun kọ̀wé bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ òun, àbí torí ẹnu ayé lásán ni mo ṣe ń ránṣẹ́ pé kó padà. Ó yẹ kí n fi Yorùbá dáhùn, àbí kò yẹ? Ṣùgbọ́n taípù mi kò ní àmì tí à ń fi sábẹ́ lẹ́tà Yorùbá, ìgbéraga kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kọ ọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ pé, “I do not want you back because people are talking.” Èrò mi ni pé kì í ṣe torí ẹnu ayé ni mo fi fẹ́ kó padà, torí òun fúnra rẹ̀ ni. Mo ti ń ká ìwé náà kí n tó rí i pé kò sí kọ́mà... mo mú kálámù, mo fi kọ́mà síwájú “because”. Inú mi tún dùn!

Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí ló kà fún un: mi ò fẹ́ ẹ mọ́, torí àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò fèsì. Mo bínú, mo ní alágídí ni, ìyá mi sì ṣépè fún un. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni oníṣòwò kan ti ilé dé, tó sọ bí wọ́n ṣe ka ìwé náà, tó ní ọkùnrin kan ti ń tọrọ rẹ̀. Mo sáré wo ẹ̀dà tí mo fi kábọ́ònù tẹ̀ pa mọ́. Kò sí kọ́mà níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rántí kálámù tí mo fi kan èyí tí mo fi ránṣẹ́.

Láràárọ̀ ni obìnrin Àṣáńtì tó ń ta kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ tiwọn, lójúde wa ń bi mí pé “Wo yere wɔ he?”, ìyàwó mi dà, tí mo máa ń dáhùn pé ó ń bọ̀. Ilé dákẹ́ débi pé mo máa ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ fúnra mi kí n lè rí nǹkan tún ṣe. Ṣé kí n wọ lọ́rì lọ bá a? Bí mo bá jẹ́wọ́, ta ló tún máa gbé lẹ́tà wá fún mi? Mo ti fọwọ́ kọ ìwé kan ní Yorùbá báyìí, ó ní “Máa bọ̀ mo fẹ́ ọ.” Mi ò fi kọ́mà kankan sí i. Ẹ jọ̀ọ́... ṣé ó máa yé e bẹ́ẹ̀?